Kóòṣì Fọwọ́ Kan Bọ́ọ̀lù

Ẹ̀rù ń ba Béjidé, ẹ̀rù gidi. Kì í ṣe ẹ̀rù bọ́ọ̀lù o. Ọkùnrin tó ti fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ jẹun ní Èkó, tó fi jẹun dé Túnísíà, tó gbá a títí orúnkún fi ní ó tó gẹ́ẹ́, kí ni bọ́ọ̀lù tún fẹ́ fi bà á lẹ́rù? Ẹnu ayé ló ń bà á lẹ́rù. Ọmọ bíbí Iléṣà ni, àwọn ọmọbìnrin Òṣogbo ló sì di kóòṣì fún. Lónìí, nínú Iléṣà gan-an, àṣekágbá dé. Òṣogbo àti Iléṣà ló kojú ara wọn.

Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ní Òkè Baálẹ̀, ní Òṣogbo, láàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé, alága ẹgbẹ́, ti fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Béjidé, mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n bí Iléṣà bá nà wá lónìí, wọ́n á ní o ta eré fún àwọn èèyàn rẹ ni. N ò ní rí ẹnu gbà ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ yẹn á bọ́ nìyẹn."

"Mo gbọ́, sà."

Ó wọ ọkọ̀.

Eré wá gbóná! Bí Òṣogbo bá jù ú wọlé, Iléṣà á dá a padà. Èrò kún pápá, àwọn kan gun orí ògiri. Julianah, ẹ̀gbọ́n Béjidé, wà láàárín àwọn ará Iléṣà, ó ti já gèlè so mọ́dìí bí ẹni tó fẹ́ jà. Ọmọ rẹ̀, Èyítáyọ̀, ni òléwájú Iléṣà.

"Béjidé, ojú ẹ rèé! Wàá rí i lónìí pé ọmọ mi kì í ṣẹgbẹ́ àwọn tó o kó wá!"

Ọmọ Òṣogbo kan dá a lóhùn láti òdìkejì: "Màmá, ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà tí ẹ ò rídìí ìṣáná, apẹ̀rẹ̀ tí ò nídìí yìí lẹ fẹ́ wá rídìí ẹ̀?"

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Julianah náà rẹ́rìn-ín.

Ó ku díẹ̀ kí eré parí, Òṣogbo fi ẹyọ kan péré ṣíwájú. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Iléṣà. Èyítáyọ̀ jù ú sí ẹnì kejì rẹ̀. Kàósárà, kápútẹ́nì Òṣogbo, nawọ́ gán-án, ó gbá a dànù! Bọ́ọ̀lù ń ta pọ́ún pọ́ún lọ sí etí ìlà, níbi tí Béjidé jókòó sí. Kàósárà gbá yá a. Ó ku díẹ̀ kó bá a.

Àfi gìrì tí Béjidé dìde. Kò rò ó o. Láti kékeré, iṣẹ́ kan ṣoṣo lọwọ́ yẹn mọ̀: bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ, mú un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ pápá, ọwọ́ rẹ̀ mú bọ́ọ̀lù, ó tiẹ̀ ti ń wo ẹni tó máa jù ú sí.

Fèrè dún. Fíììì!

Kóòṣì kan kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù tó ń lọ lọ́wọ́. Rẹfirí fún Iléṣà ní jíjù ọ̀fẹ́ kan, bọ́ọ̀lù sì tún jẹ́ tiwọn. Èyítáyọ̀ jù ú, ó wọlé. Ó di ọ̀mì!

"Ó ti tà wá! Àbí mo sọ àbí n ò sọ?" Àwọn ará Òṣogbo ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé kàn dorí kodò.

Béjidé bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi díẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin yí i ká. Kàósárà ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kóòṣì, mo ti fẹ́ mú un! Ẹ̀yìn ta lẹ wà gan-an? Tiwa àbí tiwọn?"

Béjidé wòkè, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà lè dá sílẹ̀ nínú ilé. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ Èyítáyọ̀ ní bọ́ọ̀lù lẹ́yìnkùlé wọn, nígbà tí orí ọmọ náà ò tíì ju ìbàdí rẹ̀ lọ.

"Ẹ... ẹ gbọ́. Èmi ni mo kọ́ Èyítáyọ̀. Bó bá fẹ́ gba ọ̀tún kọjá, èjìká òsì ni yóò kọ́kọ́ mì. Irọ́ ni. Ẹ̀tàn ni. Kàósárà, lóṣòó níwájú ẹ̀, bí òṣómàáló tó ká onígbèsè mọ́lé. Má dìde. Ọ̀tún ló ń bọ̀."

Kàósárà wò ó. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín lẹ tú àṣírí ẹ̀ báyìí?"

"Lọ gba bọ́ọ̀lù."

Èyítáyọ̀ gbé e dé. Kàósárà lóṣòó. Èjìká òsì mì. Kàósárà ò mira. Èyítáyọ̀ ya ọ̀tún, ọwọ́ Kàósárà ló bá níbẹ̀! Ó já a gbà, ó ń ta á mọ́lẹ̀, ó sá eré burúkú! Ó fò sókè, ó gbé bọ́ọ̀lù lé ẹnu apẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ń yí lórí irin, ó ń yí, ó ń yí. Béjidé fọwọ́ méjèèjì di àga mú, kí ọwọ́ má tún lọ ṣe nǹkan.

Ó wọlé! Fèrè ìparí dún!

Àwọn tó ń pariwo pé ó tà wọ́n ló kọ́kọ́ gbé e lé èjìká. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé ń ju fìlà sókè, ó ń jó bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n Béjidé ò tíì rẹ́rìn-ín. Ó ti rí Julianah tó ń bọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú."

Julianah pòṣé. "Dìde níbẹ̀. Iṣu wà lórí iná nílé, iyán ìṣẹ́gun ọmọ mi ni mo fẹ́ fi gún. Ta ni yóò wá jẹ ẹ́ báyìí? Kó àwọn ọmọ ẹ wá."

"Àwọn ọmọ wo, ẹ̀gbọ́n mi?"

Kàósárà ti yọrí lẹ́yìn rẹ̀. "Àwa ni, mà! Ṣé ẹran ìgbẹ́ wà níbẹ̀?"

Julianah wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ? Ìwọ lo máa gún un."