Àlejò Inú Ikùn Aránṣọ

“Àwọn kòkòrò ọ̀hún ló wá jẹ́wọ́ fún ẹ, Ojú-Àṣá?”

Dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà ń rẹ́rìn-ín bó ti ń bi í. Ojú-Àṣá ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò fún wọn, nítorí ohun tó lè sá pamọ́ fún un ṣọ̀wọ́n. Kò bá a rẹ́rìn-ín.

“Dókítà, kòkòrò tó wà níkùn màmá aránṣọ tẹ́lẹ̀, oògùn wa ń pa á. Mo dán an wò. Àmọ́ nínú ẹran ara tí ẹ gé wá lẹ́ẹ̀kejì, àjèjì kan ti bá a níbẹ̀. Ti alága tí ẹ wò ṣáájú rẹ̀ ni, èyí tí oògùn ò ràn. Wọ́n jọ gbé inú ikùn kan, àjèjì sì fún onílé lára àbùdá rẹ̀, bí ẹni yá ará ilé ní apata. Ní báyìí, oògùn ò ran èyíkéyìí nínú wọn mọ́.”

“Kí ló gbé e débẹ̀?”

“Rọ́bà oníkámẹ́rà tí ẹ kì bọ alága lọ́fun, òun náà lẹ kì bọ màmá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Omi lásán la fi ṣàn án. Ẹ̀yin lẹ ní ká má rẹ ẹ́ sínú oògùn apakòkòrò mọ́, pé èrò ti pọ̀ jù.”

Ẹ̀rín kú lójú ọkùnrin náà. “Gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ. Ta ló rán ẹ nílé ìwé, bí kò ṣe èmi?” Ó fa ìwé ìròyìn mọ́ra. “Lọ bá màmá sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ràn ẹ.”

Màmá wà lórí bẹ́ǹṣì níta, ó di ikùn mú. Opó ni, ojú abẹ́rẹ́ ló fi tọ́ ọmọ, ojú abẹ́rẹ́ náà ló fi ń tọ́ ọmọ-ọmọ. Ojú-Àṣá jókòó tì í, ó ń bẹ Olúwa nínú ọkàn rẹ̀ pé kó ṣí òun lẹ́nu.

“Oògùn yẹn ò ṣiṣẹ́, Mà.”

“Mo mà lò ó pé o, ọmọ mi. Àbí èmi ni mo lọ jẹ ìjẹkújẹ?”

Ẹnu Ojú-Àṣá là, ó tún padé. “Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Mà.”

“Mo mọ̀. Olóògbé máa ń sọ ọ́, pé bí wọ́n bá fi èmi nìkan sílé ìdáná, màá jẹ ìkòkò mọ́ ọbẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín, ìrora sì gé ẹ̀rín náà sí méjì. Ó yọ búrẹ́dì kan nínú àpò rẹ̀, ó nà án sí ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Ẹ gbà, ẹ bá mi jẹ ẹ́. Ọ̀fun mi ló ń pa mí.”

“Ẹ ṣé, Mà. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan kí wọ́n tó ki rọ́bà bọ̀ mí lọ́fun. Màá jẹ ẹ́ bí mo bá jáde.”

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, omi ẹ̀rọ dà fìrì, ó dá.

“Ẹni tó kàn,” nọ́ọ̀sì pè.

Ọkùnrin náà ki búrẹ́dì sápò. Ojú-Àṣá sún ẹsẹ̀ fún un kó lè kọjá.