Ìyá Mi Lẹ́nu Ihò Sínúkà

Àdùkẹ́, má tíì dìde, jẹ́ kí n rọ́ àlá yìí kó tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wà nídìí sínúkà tí mo fi ń bọ́ wa, àmọ́ koríko tútù ló hù bo tábìlì, ẹyin adìẹ sì ni gbogbo bọ́ọ̀lù. Màmá mi tó ti kú, tí wọn ò gbà láyé wọn pé iṣẹ́ ni sínúkà, jókòó sẹ́nu ihò, wọ́n tẹ́ ìborùn wọn sábẹ́ ẹ̀. Ó wá ku ẹyin dúdú, èyí tá a gbọ́dọ̀ dárúkọ ihò rẹ̀ ká tó gbá a.

Mo ní, "Ihò ọ̀dọ̀ yín ni, Màmá."

Wọ́n ní, "Rọra, ọmọ mi. Iṣẹ́ ẹ ni."

Mo gbá a. Ẹyin ń yí bọ̀, wọ́n ń gbé ìborùn sókè, ni mo bá jí.