Àpá Tó Ṣí Ẹnubodè

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ó tó sá mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wà ní ẹnubodè tí wọ́n tì nítorí kòrónà. Ìyá wa dúró ní òdìkejì okùn tí wọ́n fi dí ọ̀nà, lọ́nà Kétu, èémí wọn ń já. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo tó kù ní ọsibítù wa ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá pàdé wọn.

Aṣọ́bodè mú abẹ́rẹ́ àjẹsára dání. "Ìyá, apá dà?"

Ìyá wa ká apá bùbá sókè. "Àpá rèé. Láyé ilẹ̀ẹ́gbóná ni wọ́n ti gún mi."

"Apá ni mo wí, ẹ ń fi àpá hàn mí!"

"Ṣé ara afẹ́fẹ́ ni àpá náà wà ni?"

Ni àpá yẹn bá là, ó fẹ̀ tó gèètì, ìmọ́lẹ̀ ń tú jáde. Bẹ́ẹ̀dì funfun ń gba inú rẹ̀ wọlé, wọn ò lóǹkà, wọn ò pariwo. Aṣọ́bodè ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀. Gbogbo èrò tí wọ́n dá dúró níbẹ̀ kọjá. Ó wá ku Ìyá wa nìkan, nítorí kò sẹ́ni tó lè gba inú àpá ara rẹ̀ kọjá. Mo ki ọwọ́ bọ inú ìmọ́lẹ̀ náà dé èjìká.

"Ẹ dì í mú, Màámi."

Wọ́n dì í mú. Ìka wọn gbóná. Mo fà wọ́n, mo sì jí.