Ìyá Ìwé-Ẹ̀rí àti Ìdánwò Ìpele Kejì

Ìyá Ìwé-Ẹ̀rí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì bímọ. Ìwé-ẹ̀rí ló ń bí. Ó gba ti nẹ́tíwọọ̀kì, ìyẹn síso kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra wọn. Ó gba ti ààbò, tí wọ́n fi ń lé olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó gba ti kíláòdù, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹlòmíì tí a ń yá lò láti òkèèrè. Ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo wọn. Ó máa ń ní ọ̀nà kan ò wọjà. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ dé ọjà, ọ̀kan ṣoṣo náà ló máa rìn. Ìdí fóònù ló ṣì wà, tó ń dá àwọn tó gbàgbé páásíwọọ̀dù lóhùn láti àárọ̀ dalẹ́.

Àyè wá ṣí sílẹ̀ ní yàrá ẹ̀rọ, níbi tí gbogbo wáyà ilé iṣẹ́ ti pàdé. Ọkàn rẹ̀ fà sí i gan-an. Ọ̀gá ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ yan ọ̀nà kan, kó sì ṣe ìdánwò ìpele kejì rẹ̀. Ni orí ọmọ yìí bá dàrú. Ẹnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ìdí ààbò lowó wà. Ẹlòmíì ní ẹni tí ò gbó nínú nẹ́tíwọọ̀kì kò lè ṣe ààbò. Ẹnì kẹta ní kíláòdù layé ń lọ, kí àwọn tó kù lọ jókòó. Ó bá gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn tó ṣẹ́ léegun. Ó bá a nídìí aṣọ iṣẹ́ tó ń lọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀nà yìí ti pọ̀ jù. Mi ò mọ èyí tí màá tọ̀."

"Èwo lo fẹ́ràn níbẹ̀?"

"Nẹ́tíwọọ̀kì ni." Kò tiẹ̀ ronú kó tó dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "O ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Kí ló wá ń dà ẹ́ láàmú?"

"Àmọ́ wọ́n ní ààbò..."

"Gbẹ́nu dákẹ́ jàre. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Èmi gba ìdí eegun lọ, ọ̀rẹ́ mi gba ìdí ìgbẹ̀bí. Ta ló sọnù nínú wa? Jẹ́ n bi ẹ́: ṣé èèyàn máa ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìpele kejì yẹn?"

"Wọ́n pọ̀ gan-an."

"Ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

Ó fa aṣọ kan mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.

"Ẹ̀rù ló ń bà ẹ́, àbúrò mi. Ọ̀nà ò dàrú rárá."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọnú eegun. Ó fajú ro díẹ̀, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ni. Kò tíì fìdí rẹmi rí láyé rẹ̀. Àṣé ibi tí kò ti lè ṣubú ló ń rìn. Ibẹ̀ náà ló ti forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n sì ń jó yí i ká bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ó kàwé títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó ṣe ìdánwò. Ó fìdí rẹmi.

Ẹ má tíì káàánú rẹ̀ o. Lọ́jọ́ kejì, ó wọlé tọ ọ̀gá lọ tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Mo fìdí rẹmi, sà. Mo ti forúkọ sílẹ̀ láti tún un ṣe."

"Ibo lo ti kọsẹ̀?"

Ó fa bébà yọ, ó ya ilé méjì tó dúró fún nẹ́tíwọọ̀kì méjì, ó sì fi ibi tí iṣẹ́ tí a rán láti ọ̀kan sí èkejì ti máa ń ṣìnà hàn án, ohun tí òun dáhùn àti ohun tó yẹ kóun dáhùn. Ó ní òun ti fi ẹ̀rọ àlòkù méjì dán an wò nílé, òun sì fojú ara òun rí i. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ ràì títí ife tíì tó wà níwájú ọ̀gá fi tutù.

Ọ̀gá ṣí dúrọ́ọ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ sí i.

"Sà? Mo ní mo fìdí rẹmi."

"Mo gbọ́. Àwọn yòókù tó fẹ́ iṣẹ́ yìí ṣì ń yan ọ̀nà."