Ta Ló Máa Gbọ́ Ẹjọ́ Rosine?

Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa lẹ́bàá ọ̀nà Ikpinlè, n kò sì fẹ́ràn ariwo. Ṣùgbọ́n ògiri tó wà láàárín kíláàsì mi àti ti Marcellin kò kan òrùlé, nítorí náà gbogbo ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí tó ń kọ́ àwọn ọmọ tiẹ̀ ló ń já sí mi létí lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá jí mi lójú oorun, mo lè bá a kọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ kan wà tó máa ń dùn mọ́ ọn ju ìyókù lọ. Ó dá lórí àwọn onírònú ilẹ̀ Yúróòpù kan tí wọ́n gbé ayé ní bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ọba wọn ń sọ pé Ọlọ́run ló gbé àwọn lé gbogbo ènìyàn lórí. Àwọn onírònú yìí ní irọ́ ni. Wọ́n ní aráàlú ló fẹnu kò láti gbé agbára lé ẹnìkan lọ́wọ́, bó bá sì ṣì í lò, wọ́n lè gbà á padà. Wọ́n tún ní ẹni tó ń ṣòfin kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń mú un ṣẹ, kí ìkankan nínú wọn má sì jókòó sórí àga adájọ́, nítorí agbára a máa pa ènìyàn bí ọtí. Marcellin a ní ọ̀rọ̀ wọn ni àwọn ará Amẹ́ríkà àti Faransé mú lò nígbà tí wọ́n ń dá ìjọba tuntun sílẹ̀, pé òun náà ló wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa tí a gbà lọ́dún 1990. Àwọn aṣòfin ń bẹ ní Àjàṣẹ́, ààrẹ ń bẹ ní Kútọnu, àwọn adájọ́ sì ní ilé tiwọn.

Lọ́dún yìí, bóyá ojú àwọn ọmọ ló rí tó fi mọ̀ pé kò yé wọn, ó pa Faransé tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè wa ṣàpẹẹrẹ. Mo gbọ́ ọ tó ní: "Ẹ jẹ́ ká ní ẹnìkan ló ṣòfin pé kí wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn àgbàlá bí adìẹ bá ti wọlé. Òun náà ló mú kọ́kọ́rọ́. Bí wọ́n bá wá ti ẹnìkan mọ́ ìta, ọ̀dọ̀ òun náà lẹni yẹn máa gbé ẹjọ́ lọ..." Ohùn rẹ̀ gé síbẹ̀. Àwọn ọmọ tèmi pàápàá gbé orí sókè kúrò nínú ìwé.

Mo mọ ohun tó gbé ohùn rẹ̀ lọ. Rosine ìyàwó rẹ̀, agbẹ̀bí ni, ọmọ kì í sì í bèèrè aago kó tó wá sáyé. Ìyá Ẹfúnwùmí, tó bí Marcellin, kò rí tìyẹn rò. Bí adìẹ bá ti wọ̀, wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí Rosine ti ilé ìgbẹ̀bí dé, ẹ̀jẹ̀ aláboyún sì wà lára aṣọ rẹ̀. Ó kan ìlẹ̀kùn títí, ẹnikẹ́ni kò ṣí i. Ó padà lọ sùn sórí bẹ́ńṣì níbi iṣẹ́. Nígbà tó gbé ẹjọ́ kalẹ̀ láàárọ̀, ta ló dá a? Ìyá Ẹfúnwùmí náà ni, wọ́n sì ní Rosine ló jẹ̀bi. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìjọba ń wá agbẹ̀bí tó máa lọ sí Kouandé, lókè ọ̀hún lápá àríwá. Rosine ló kọ́kọ́ nawọ́.

Ọdún méjì rèé, àárò rẹ̀ ń sọ Marcellin débi pé ó ń dùn mí láti wò ó. Kò jẹ́ kí wọ́n fọ aṣọ ìrọ̀rí tí obìnrin náà fi sílẹ̀. Bí ọ̀kadà bá gbé obìnrin aláṣọ funfun kọjá, á na ọrùn títí ọ̀kadà náà fi wọ inú igbó ọ̀pẹ. Ọbẹ̀ gbọ̀rọ̀ tí Rosine fẹ́ràn ló ń sè ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ gbọ̀rọ̀. Èmi tí n kò ní ìyàwó ni mò ń bá a jẹ ẹ́. Bí mo bá bi í pé kí ló dé tí kò lọ wò ó, á ní ọkọ kì í sáré tẹ̀lé ìyàwó tó bínú lọ, pé ẹni tó bínú lọ ló mọ ọ̀nà tó máa gbà padà. Mo sọ fún un pé kó máa retí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé ẹ̀kọ́ tó já sọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, mo bá wọn nílé. Ìyá Ẹfúnwùmí ń já ẹyìn lára ìdì nídìí ògiri. Marcellin jókòó níwájú wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn onírònú, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn ọba Faransé, ó wá balẹ̀ sórí ìlẹ̀kùn àgbàlá. Ó ní òfin, kọ́kọ́rọ́ àti ìdájọ́ kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo.  Mo ti ń wo ibi tí màá gbà sá bí ìdì ẹyìn bá fò.

Ìyá kò sọ ìdì ẹyìn kankan. Wọ́n ní: "Nígbà tí bàbá rẹ wà láyé, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ló ń ṣòfin ilé yìí. Èmi ni mo mú kọ́kọ́rọ́. Bí ìyàwó ilé bá ní ẹjọ́, Ìyá Massè, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ló ń gbọ́ ọ, wọ́n sì máa ń dá mi lẹ́bi dáadáa. Gbogbo wọn kú tán, gbogbo rẹ̀ wá já lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ ń wò mí. Ta ló gba ìkankan nínú rẹ̀ lọ́wọ́ mi?"

Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró, wọ́n nà án sí i. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí Ìyá Massè ti kú, kò sí ẹni tó sọ fún àwọn mọ́ pé ohun tí àwọn ṣe kò dáa, pé ó ń ṣe àwọn bíi pé àwọn nìkan ló kù láyé. Omi lé sí wọn lójú. Marcellin tó ti múra ìjà sílẹ̀ kàn gba kọ́kọ́rọ́ náà.

Ẹ̀gbẹ́ kànga nìkan ni fóònù ti ń gbé ohùn dáadáa nínú àgbàlá wọn. Ibẹ̀ ló ti pe Rosine, ó sì jẹ́ kí ohùn jáde síta kí ìyá rẹ̀ lè gbọ́. Ó ròyìn ohun gbogbo. Ó ní kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ òun, pé wọn kò ní í ṣe òfin kankan mọ́ nílé láìjẹ́ pé Rosine fọwọ́ sí i, pé kó jọ̀wọ́, kó máa bọ̀ nílé.

 Ohùn Rosine tutù nígbà tó fèsì. "Ó dáa. Ìyá kò mú kọ́kọ́rọ́ mọ́, ìwọ lo mú un. Bí ìwọ bá wá ṣẹ̀ mí, ta ló máa gbọ́ ẹjọ́ mi?"

  Marcellin wò mí, mo tẹjú mọ́ abọ́ gbọ̀rọ̀ mi. Ó wá wo ìyá rẹ̀, ó pẹ́ tó fi ń wò wọ́n.

"Ìyá ni," ló wí. "Ìyá ló máa gbọ́ ọ."

Rosine ní kó gbé fóònù fún wọn, kó má sì jẹ́ kí ohùn jáde síta mọ́, nítorí òun ní ẹjọ́. Marcellin ṣe bẹ́ẹ̀, èmi àti òun sì lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyá Ẹfúnwùmí fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la gbọ́ lẹ́nu wọn: "Ìyàwó wa, kí ni ọmọ mi fi ṣe ọ́?" N kò gbọ́ kí wọ́n bi obìnrin náà ní ìbéèrè rí ní gbogbo ìgbà tó fi gbé ilé yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n kàn ń fetí sílẹ̀. Àwọn adìẹ wá ń ṣa ẹyìn tí wọ́n fi sílẹ̀, Ìyá kò lé wọn. Nígbà tó yá, wọ́n jókòó sétí kànga. Marcellin ń wá ojú wọn kiri, wọn kò wò ó.

Nígbà tí wọ́n pè wá, wọn kò jẹ́ kí Marcellin jókòó.

"Ó ní lọ́jọ́ tí òun kan ìlẹ̀kùn, iná yàrá rẹ ń tàn. O ń tún iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé yẹ̀ wò. O gbọ́, àbí o kò gbọ́?"

Marcellin wo ilẹ̀. Ó ní òun gbọ́.

"Èmi ti sùn ní tèmi. Ìwọ gbọ́, o kò dìde, o sì jẹ́ kí gbogbo ilé máa pe ẹjọ́ náà ní tèmi nìkan." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó ní ọdún méjì ni òun fi ń jáde lọ wo bọ́ọ̀sì Kútọnu bó bá ti dé Kouandé. O kò sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ rí. Marcellin, o jẹ̀bi. Lọ́la ni kí o lọ bá a."

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ilé-ìwé. Mo sọ fún un pé màá mójú tó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, pé mo ti gbọ́ ẹ̀kọ́ náà tó. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ó bèèrè pẹ̀lú ohùn kékeré pé: "Ìyá, ṣé ó ní kí n máa bọ̀?"

"N kò bi í," ni Ìyá Ẹfúnwùmí wí. "Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ mi. Ìwọ ni kí o lọ bi í."