Ta Ló Ni Ìyá Aṣàbí?

Ẹ̀yin náà ti fura, ẹ jẹ́ kí n kúkú là á: bí ìjọba àpapọ̀ bá ní òun fẹ́ fi owó ran àwọn tí kò ní òrùlé lọ́wọ́, àwa tí a nílé la kọ́kọ́ máa ń sáré jáde. Ìdí nìyẹn tí kò fi yà mí lẹ́nu pé nínú àlá tí mo lá lóru àná, eré ni mò ń sá.

Abújà ni mò ń lọ, tèmi tagbádá mi, Abújà sì wà lẹ́yìn ọjà Òkè-Bàálẹ̀ níhìn-ín ní Òṣogbo. Ilé iṣẹ́ tó ń pín owó náà léfòó lójú ọ̀run bí ìkùukùu. Okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ igi máńgòrò kó má baà fò lọ. Mo gun okùn. Mo bá Màmá Tóyèjẹ lókè, òun náà ní ilé ààbò fún àwọn aláìnílé ládùúgbò kejì sí tèmi. Ó ti jókòó, ó ń fẹ́ra.

"Dókítà Akínwándé, ẹ kú ìrìn o," ló wí. "Ẹ ò mọ̀ pé ẹni tó tètè dé ló ń jẹ ẹran?"

"Ẹ kú ìjókòó, Màmá. Ẹni tó pẹ́ dé ló ń jẹ èyí tó jinná."

Akọ̀wé àgbà wọlé pẹ̀lú irùngbọ̀n ṣóńṣó. Ó ní ilé ààbò kan ṣoṣo ni òun máa fún lówó. "Ẹ mú aláìnílé yín wá ká rí i."

Wàhálà dé. Ìyá Aṣàbí, ìyá àgbà tí omíyalé gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ni àwa méjèèjì mú wá. Mo di ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún mú, Màmá Tóyèjẹ di tòsì.

"Tèmi ni! Fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri mi!" ni mo ké.

"Fọ́tò làsán? Èmi fún un ní búrẹ́dì lójú tẹlifíṣọ̀n!"

Bí a ṣe ń fà á ló ń gùn sí i, títí orí rẹ̀ fi yọ lójú fèrèsé. Kò bínú. Ó ń wo ìlú nísàlẹ̀.

"Ẹ wo obìnrin yẹn," ló wí. "Ó tilẹ̀kùn ilé rẹ̀ tán, ó tún padà lọ mì í wò bóyá ó tì. Ó mà ti pẹ́ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ o."

Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì bú sẹ́kún. "Ìyá, bí wọ́n bá yọ̀ǹda mi, mà á bá yín lọ."

"Ìwọ ilẹ̀kùn yìí, abẹ́ ìjọba àpapọ̀ lo wà!" Bí akọ̀wé àgbà ṣe ń jágbe mọ́ ọn ló di òbúkọ. Mo kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà." Ó jẹ ìwé tí Màmá Tóyèjẹ fi ń tọrọ owó, ó jẹ tèmi náà, ó wá tu ibi tí mo kọ "Dókítà" sí dànù.

Ó gúfẹ̀ẹ́. "Kí Ìyá fúnra rẹ̀ sọ ẹni tó ni ín. Ẹni náà ló gbowó."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò mọ bí ọkàn mi ṣe ń fà sí owó yẹn.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ni Ìyá Aṣàbí wí, "níbo ni mò ń sùn lálẹ́ òní?"

Màmá Tóyèjẹ ṣàlàyé ètò ọlọ́dún mẹ́ta. Mo ṣàlàyé ọlọ́dún márùn-ún. Àlàyé mi wúwo débi pé okùn já, ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí fò lọ. A kọjá lókè odò. Ìyá Aṣàbí nawọ́ sí àárín omi: "Ibẹ̀ yẹn ni ààrò mi wà." Gbogbo wa wò ó, tòbúkọ-tòbúkọ. Èmi náà wá ń yánhànhàn fún ààrò tí n kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ rí.

Ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká. "Ti Dókítà ni mí."

"Mo borí!" ni mo fi jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Nǹkan kan ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níta, bí ìgbà tí òbúkọ ń jẹ ìwé. Mo ṣí fèrèsé. Ìyá Aṣàbí ló ń ká ọ̀rá tó fi bora ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ààbò mi.

"Ẹ káàárọ̀, Dókítà. Ṣé àwọn ará Abújà ti wá yẹ ilé wò?"

"Ó kù díẹ̀, Ìyá."

Bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá ló wà nínú ilé lẹ́yìn rẹ̀. A ti tẹ́ gbogbo wọn. A ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn lórí wọn, kí wọ́n má baà rún kí àwọn ará Abújà tó dé.