Ìdáhùn Sàídátù

Ní ilé ìwòsàn kan ní Kútọ̀nú, ní ọdún kejì òmìnira, àràárọ̀ ni Ràfíátù nọ́ọ̀sì máa ń dúró ti ibùsùn Sàídátù, ọmọ ọdún méje tí jẹjẹrẹ wú sí lẹ́rẹ̀kẹ́. Á ní, "Ṣé ara ti ń le?" Ọmọ náà a fọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde, a kúnlẹ̀ lórí ibùsùn, a ní, "A dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n."

Dókítà ti sọ pé kò sí oògùn tó lè wo àrùn náà sàn mọ́. Ohun tó kù ni kí ọmọ má jẹ̀rora. Bó bá ti ní ó ń dun òun, kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tí í pa ìrora. Sàídátù kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mùílíù tó kán lẹ́sẹ̀, lórí ibùsùn kejì, ló ń gba abẹ́rẹ́.

"Ẹ gbọ́ igbe Mùílíù, bíi fèrè rélùwéè Pobè," ni Hàwáù, ìyá Sàídátù, wí. "Tèmi kì í dójú tì mí. Ọmọ Ṣakété ni."

Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ Ràfíátù lọ́kàn bí àlọ́ tí kò lójútùú. Ara ọmọ le, kò sì fẹnu kan àkàsà. Ara ọmọ le, ó sì ń di etí aṣọ ibùsùn mú bí ẹni tó fẹ́ já sínú kànga. Ní Dàkáà, níbi tó ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ́ wọn pé ẹni tó ń jẹ̀rora nìkan ló mọ bó ti tó. Kí nọ́ọ̀sì bi í. Òun sì ń bi í.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ń ti bàbá arúgbó kan kọjá lórí ibùsùn oníkẹ̀kẹ́. Ràfíátù kí i.

"Bàbá, ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, ọmọ mi."

Kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́, bàbá ti kú.

Ìgbà náà ló yé Ràfíátù. Kò bi Sàídátù ní nǹkan kan rí. Ó ń kí i ni. Ta ló sì ń fi "kò le" dá àgbà tó kí i lóhùn?

Ó yà sọ́dọ̀ Hàwáù. "Ìyá Sàídátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé kó má dúpẹ́ mọ́."

"Kí n wá kọ́ ọmọ ní àfojúdi níbí?"

"Ìrora ló ń gbé mì, ìyá. Kò ní sọ fún mi àfi bí ẹ bá yọ̀ǹda."

Hàwáù wo ọmọ rẹ̀. "Sàídátù, bó bá ń dùn ọ́, sọ. N kò ní bínú."

Ọmọ náà ń wo ojú ìyá rẹ̀ bóyá ó ń dán òun wò ni. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó ń dùn mí, Màmá. Láti ilé ló ti ń dùn mí."

Ràfíátù lọ gbé abẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, oorun gbé ọmọ lọ. Hàwáù ki etí ìborùn rẹ̀ bọnu kí ẹkún òun má bàa jí i.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé yóò sàn?"

"Rárá, ìyá," ni Ràfíátù wí. "Ṣùgbọ́n yóò sùn."